Bí mo ṣe mú Màámi padà sí Agége lásìkò Kòrónà

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni Màámi wá bá wa wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn máa lò. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wọn ti wà nílẹ̀ fún oṣù kẹrin, báàgì tí wọ́n máa gbé lọ sílé ti ń kún díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àfi bí kónílé-ó-gbélé ṣe dé. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfuurufú Èkó àti ti Àbújá mọ́ ọkọ̀ tó ń ti òkè òkun bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Boris Johnson, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n tó ní kí oníkálùkù jókòó sílé rẹ̀. Bí àlejò oṣù mẹ́ta ṣe di onílé nìyẹn.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ tó há sí òkè òkun padà wálé. Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ yẹn, òun ló máa san owó ara rẹ̀, bó bá sì délé, wọ́n á sé e mọ́ ibì kan fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Màámi fẹ́ lọ. Èmi ni mo kọ̀. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ wọn a sì máa ru. Mo ní n kò lè fi wọ́n sáàárín èrò tí a ò mọ ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dìjà láàárín wa. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, "ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́" nìkan la ń bá ara wa sọ.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni físà. Oṣù mẹ́fà péré ni ti àlejò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sún un síwájú fún àwọn tó há títí di ìparí oṣù keje, wọ́n tún fi oṣù kan lé e kí èèyàn fi palẹ̀ mọ́. Ó parí sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ. Nàìjíríà ní tiẹ̀ kò ṣí pápákọ̀ fún ọkọ̀ òkè òkun títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ mélòó kan tó wà láàárín méjèèjì yẹn kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi ẹ̀rí hàn pé kì í ṣe pé màmá mi kò fẹ́ lọ, ọ̀nà ni kò sí. Wọ́n dáhùn, wọ́n ní kò burú. Mo tẹ èsì yẹn jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta.

Wàyí o, tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ sanwó fún sún ọjọ́ wa síwájú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta wọ́n fagi lé e. Owó wa kò padà o, ìwé ni wọ́n fún wa pé a lè fi ra òmíràn lọ́jọ́ iwájú. Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni Nàìjíríà gbà láyè. Hadi Sirika, tó jẹ́ mínísítà ètò òfuurufú nígbà náà, ka orúkọ àwọn tó lè máa bọ̀ àti àwọn tí wọn kò tíì fún láyè. Air France àti Lufthansa wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró, torí pé orílẹ̀-èdè tiwọn náà kò tíì ṣílẹ̀kùn fún àwa. Bí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, èmi náà á ti tèmi. Inú mi dùn sí i díẹ̀, mi ò ní purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó kù di ọ̀wọ́n gógó. Mo ra méjì, torí Màámi ní àwọn kò lè dá nìkan rìn láàárín "àwọn tó bo ojú bí olè."

Àyẹ̀wò Kòrónà ló kàn. Èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà, ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná ló wà fún. Arìnrìn-àjò á lọ sọ́dọ̀ aládàáni, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn fún ẹnì kan. Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló gba tiwa. Ó ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n we òwú sí lórí bọ Màámi nímú, ó ń tì í lọ, ó ń tì í lọ. Omi bọ́ lójú wọn.

"Àkàndé, bi í pé ṣé ọpọlọ mi ló ń wá."

Ọmọ náà bi mí pé kí ni màmá wí. Mo ní wọ́n ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni fọ́ọ̀mù Nàìjíríà tí a kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, nọ́ńbà ìjókòó nínú ọkọ̀, àdírẹ́sì ibi tí a máa dé sí l'Ékòó, àti bóyá a ti wúkọ́ láìpẹ́. Ibẹ̀ náà la ti sanwó àyẹ̀wò kejì sílẹ̀, èyí tí a máa ṣe lọ́jọ́ keje tí a bá délé. Nǹkan bíi 50,000 náírà ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Báǹkì mi kọ̀ láti san án. Wọ́n rí owó tó ń lọ sí Nàìjíríà, wọ́n rò pé ẹnì kan ti jí káàdì mi. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wà lórí fóònù tí wọ́n ń fi orin dá mi lára yá, kí ẹnì kan tó wá bi mí pé orúkọ ajá tí mo kọ́kọ́ ní ni kí ni. Èmi tí mi ò sin ajá rí. Nígbà tí owó wọlé tán, àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun kan jáde, èyí tí fóònù máa ń kà. Òun gan-an ni páàsì. Láìsí i nígbà náà, ọkọ̀ kò ní gbé ọ.

Èsì àyẹ̀wò wa dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ọkọ̀ sì máa gbéra ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Méjèèjì fi hàn pé a ò ní àrùn. Mo ti fẹ́ pariwo ayọ̀ kí n tó rí i: ọdún ìbí mi ni wọ́n kọ sórí ìwé Màámi, tiwọn ló wà lórí tèmi. Màámi di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dáa." Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, èmi ń làágùn. Mo pe ilé àyẹ̀wò yẹn, wọn ò gbé e. Mo kọ̀wé, wọn ò fèsì. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù kí ìwé tuntun tó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú èyí bá tún kàn, kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ ti sọ pé kí wọ́n ka ọjọ́ ìbí yín sí yín létí.

Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù tí ẹsẹ̀ èrò kì í dá níbẹ̀, ti di ahoro. Ìbùdókọ̀ méjì péré ló ń ṣiṣẹ́, ìkejì àti ìkarùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù ti pa, òórùn ọtí tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọ̀gbẹ́ni kan ti Màámi lórí kẹ̀kẹ́, òun náà di ìbòmú àti ìbọ̀wọ́. Níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, wọ́n yẹ gbogbo ìwé wa wò láti ẹ̀yìn ike tó mọ́ gaara. Ẹni tó wà níwájú wa ní èsì àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kò ní páàsì onígun mẹ́rin yẹn. Kò tiẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wọ́n ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a kọjá, ó ti jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ fóònù. Mi ò rí i nínú ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ ò bá rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wọ aṣọ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ fín oyin. Gèlè ni Màámi wé, wọ́n di ìbòmú, wọ́n tún gbé ike tó ń bo gbogbo ojú lé e. Aṣọ onítútù ni mo fi nu ìgbápá ìjókòó, bẹ́líìtì, fèrèsé, àti tábìlì kékeré iwájú wa. Màámi ní kí n tún un nù. Oúnjẹ gbígbóná kò sí. Àpò bébà ni wọ́n pín, búrẹ́dì tútù, bisikíìtì àti omi. Màámi kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn ò ní yọ nǹkan ẹnu àwọn títí a ó fi délé, wákàtí mẹ́fà kì í ṣe ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọn kì í sì í lò ó láìjẹun. Mo sọ fún wọn pé ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn jẹun tán, kí wọ́n dí ẹnu wọn padà, nígbà náà la máa jẹ tiwa. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n, wọ́n bu mọ́ínmọ́ín tí ìyàwó mi dì fún wọn jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fà á sókè padà, wọ́n ń jẹ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ó fi tán, bí ọmọdé tó ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wa. Gbogbo orí ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ọkùnrin kan ní, "Omi ló pá mi lórí o, ẹ jọ̀ọ́, omi ni!" Ó sì gbé ìgò omi náà sókè kí gbogbo wa rí i.

A balẹ̀ sí Ìkẹjà nírọ̀lẹ́. Ìlà ìlà ni wọ́n ní ká máa dìde, ẹ gbọ́, ìlà ìlà, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó! Ó sì ṣẹlẹ̀. Wọ́n na ohun èlò kan sí Màámi níwájú orí, Màámi fà sẹ́yìn: "Ìbọn kẹ̀?" Ọmọ náà ní, "Rárá, Mọ́mì, ara yín la fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbóná." Wọ́n ka páàsì wa, wọ́n bi wá níbi tí a ń lọ, ó tán. Àbúrò mi obìnrin ń dúró níta, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò rìnrìn-àjò wọlé. Nígbà tó rí Màámi, ó sáré bọ̀, ó tún dúró lójijì, ó sì kúnlẹ̀ síbi tó dé. Màámi na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n rántí, wọ́n ká a padà.

Ọjọ́ méje la fi ya ara wa sọ́tọ̀ nílé Màámi l'Ágége. Agége kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá àdúgbò ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n ní àwọn wá kí arìnrìn-àjò kú ewu. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wọlé. Ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Màámi ló yanjú ẹ̀: wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n ń ti ibẹ̀ dáhùn, àwọn ìyá yẹn ń ti ìsàlẹ̀ kí wọn, wọ́n ń kọrin, Màámi ń jó lókè. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ẹ̀yin olówó lẹ ni Kòrónà yín. Ibà lásán ni." Mi ò bá a jiyàn. Iye èèyàn tó ń rò bẹ́ẹ̀ l'Ékòó nígbà náà kò kéré, wọ́n sì nídìí: ebi tí kónílé-ó-gbélé dá sílẹ̀ ni wọ́n fojú rí, wọn ò rí aláìsàn.

Lọ́jọ́ keje, a lọ ṣe àyẹ̀wò tí a ti sanwó rẹ̀. A tò fún bíi wákàtí méjì nínú oòrùn, lẹ́yìn ọjọ́ méjì èsì dé pé kò sí nǹkan kan lára wa. Ọ̀pọ̀ ló sanwó tí kò padà wá. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní 2021, ìjọba gbé nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ọgọ́rùn-ún nínú wọn síta, wọ́n ní wọn kò ní lè fi rìn fún oṣù mẹ́fà.

Èmi nìkan ni mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹwàá. Gẹ̀ẹ́sì kò tíì máa béèrè èsì àyẹ̀wò nígbà náà. Fọ́ọ̀mù ni mo kọ, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rìnlá jókòó sílé.

Ike ìbojú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Màámi. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò Bàámi ni wọ́n fi kọ́. Mo pè wọ́n lórí fídíò lọ́jọ́ kan, wọ́n dé e sójú nínú ilé ìdáná, epo gbígbóná ń ta pàrà nínú agbada. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe é, òróró kì í ta sí àwọn lójú mọ́ tí àwọn bá ń dín àkàrà.