Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Oyè Másítà Nínú Ètò Ìlò Ilẹ̀ àti Àyíká Ìlú

Bí ẹ bá fẹ́ gba oyè másítà nínú ètò ìlò ilẹ̀ àti àyíká ìlú ní Nàìjíríà, ẹ lè kọ̀wé sí Yunifásítì Ìbàdàn, ti Èkó tàbí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ tètè béèrè fún àkọsílẹ̀ máàkì yín tí a ń pè ní transcript, nítorí ó máa ń pẹ́ kí ó tó dé.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ìṣòro tí ẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Ẹ wo Ìbàdàn: odò Ògùnpa kún àkúnya ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, omíyalé tún ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń kọ́lé sí etí odò. Ọ̀ràn yìí ká mi lára gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí odò bẹ́ẹ̀, tó sì ń béèrè ìdí tí a kò fi pa òfin àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ilé àti omi mọ́, ti ní àbá ìwádìí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ẹni tó kàn kọ “ìdàgbàsókè ìlú” lọ.

Ẹ ka Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà ibẹ̀. Ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń fi QGIS, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ya máàpù.

Àjọ TOPREC ló ń forúkọ àwọn aṣètò ìlú sílẹ̀, nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí bóyá àjọ náà fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ẹ yàn.