Kílórínì inú Omi Ẹ̀rọ: Ẹ Kọ́kọ́ Yọ Ìdọ̀tí Kí Ẹ Tó Bù Ú Sí I

Obìnrin kan nínú ọgbà wa ní Kubwa, l'Abuja, pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí n wá gbóòórùn omi òun. Omi táǹkì rẹ̀ ti ń rùn láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ti da odindi ìgò bílíìṣì kan sí i lálẹ́ àná. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ojú ń ta àwọn ọmọ tó fi í wẹ̀, òórùn ọ̀hún sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gun àkàbà, mo ṣí ìdérí táǹkì. Ewé máńgòrò ló wà nísàlẹ̀, ó ti jẹrà, ó ti di ẹrọ̀fọ̀ dúdú. Ọbẹ̀dò lẹ̀ mọ́ ara táǹkì, mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ bí ilá. Mo ní, "Mọ́mì, ewé ni bílíìṣì yín ń bá jà o, kò tíì ráyè kòkòrò."

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé yìí kò ju èyí náà lọ.

Ohun tí kílórínì ń ṣe nínú omi

Kílórínì, ìyẹn oògùn apakòkòrò tó wà nínú bílíìṣì àti omi ẹ̀rọ, kì í yan ẹni tó máa bá jà. Bó ṣe ń pa kòkòrò àrùn ló ń jó ewé jíjẹrà, ọbẹ̀dò àti oje ilẹ̀ tí òjò ṣàn wọ odò. Níbi tó ti ń jó wọn ni nǹkan tuntun ti ń jáde. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni chloroform àti àwọn mẹ́ta mìíràn tó jọ ọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀ ni wọ́n ń pè ní trihalomethane, tí àwọn oníṣẹ́ omi gé kúrú sí THM. Ìdílé kejì wà tí wọ́n ń pè ní haloacetic acid. Lọ́dún 1974 ni Johannes Rook, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ omi Rotterdam ní Netherlands, kọ ìwé pé inú omi tí wọ́n ti fi kílórínì sí ni chloroform yìí ti ń wá, pé kò sí nínú omi odò kí wọ́n tó fi kílórínì sí i.

Ẹni tó bá mu omi tí THM pọ̀ nínú rẹ̀ lónìí kò ní ṣubú lọ́la. Ọ̀rọ̀ ọdún gbọọrọ ni. Ìwádìí lóríṣiríṣi ti rí i pé láàárín àwọn tó ti mu irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ máa ń pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà ni orílẹ̀-èdè ṣe ń fi òdiwọ̀n sí i. Ní Amẹ́ríkà, THM mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígírámù 0.08 lọ nínú lítà omi kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi chloroform nìkan sí mílígírámù 0.3 nínú lítà kan, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fún àgbàlagbà tó ń mu lítà 2 lójúmọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ má tìtorí èyí sá fún kílórínì

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa níhìn-ín: "Omi ìjọba ti ní kẹ́míkà, ti mai ruwa ló dára." Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, ti rọ omi tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀? Lọ́dún 2021, àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan péré tó fún onígbáméjì láti pa ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra wọn ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dín agbára oògùn apakòkòrò kù torí pé ó ń bẹ̀rù THM. Bí omi bá dé ẹnu ẹ̀rọ yín tó ṣì ní òórùn kílórínì díẹ̀, ẹ dúpẹ́. Ó kéré tán, ó yẹ kí mílígírámù 0.2 ṣì wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá délé.

Omi ti Abuja

Ìsédò Lower Usuma, lọ́nà Ushafa, ni omi ẹ̀rọ Abuja ti ń wá. Wọ́n tún ń fa omi Gurara láti ìpínlẹ̀ Kaduna wá kún un. Omi orí ilẹ̀ ni méjèèjì, ibi tí ewé, ìgbẹ́ màlúù àti erùpẹ̀ oko ń ṣàn sí. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ohun tó ti gbẹ sórí ilẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń tún omi ṣe, álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń mú ìdọ̀tí sílẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, kí kílórínì tó wọlé. Àwọn tó kọ́ ètò yẹn gbọ́n. Àwa tí a ní táǹkì lórí òrùlé la máa ń yí i sódì.

Ohun méjì ló tún ń mú THM pọ̀ sí i: ooru, àti àkókò. Omi tó jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú táǹkì dúdú lábẹ́ oòrùn oṣù kẹta, bí ìdọ̀tí bá ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan méjèèjì ló ti pàdé níbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nílé

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni kí ẹ fọ táǹkì, kí ọ̀kan bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ tú omi rẹ̀ dànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara rẹ̀ títí ọbẹ̀dò á fi tán, ẹ ṣàn án. Ẹ wo ìdérí rẹ̀ bó bá bò dáadáa; ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu páìpù tí omi ń gbà ṣàn jáde nígbà tó bá kún. Bí ẹ̀ka igi bá yọ sórí rẹ̀, ẹ gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lándílọ́ọ̀dù máa bínú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gúrúgúrú, ẹ má jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ yẹn wọ táǹkì. Ẹ fi bomi rin ẹ̀fọ́ títí yóò fi mọ́.

Omi kànga tàbí ti odò ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó tòrò mọ́jú, ẹ rọra bu ti òkè, ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn sẹ́ ẹ. Bí ó bá rú ju bẹ́ẹ̀ lọ, álọ́ọ̀mù díẹ̀ lè mú un tòrò. Kóró mòríńgà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní zogale, tún máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n oje kóró náà ń ṣẹ́ kù sínú omi, oúnjẹ mìíràn nìyẹn fún kílórínì. Ẹ má fi omi bẹ́ẹ̀ pa mọ́ pẹ́.

Ìgbà tí omi bá ti mọ́ ni kílórínì tó kàn. Bí bílíìṣì yín bá jẹ́ èyí tí kò ní òórùn dídùn, tí wọ́n kọ 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún sí ara rẹ̀, ìdajì ṣíbí tíì tó fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ̀ láé. Èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn.

Bí òórùn rẹ̀ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ da omi mímu sínú ohun tó ní ẹnu gbòòrò, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ jẹ́ kó jókòó mọ́jú. Kílórínì á fò lọ, chloroform díẹ̀ á bá a lọ. Ẹ mu ún tán lọ́jọ́ kejì, torí kò sí ẹ̀ṣọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Síse omi láì dé e náà ń lé THM lọ, ṣùgbọ́n kì í lé gbogbo haloacetic acid. Ẹ ṣí fèrèsé bálùwẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi omi gbígbóná wẹ̀, torí THM ń bá oru omi jáde. Fílítà tó ní èédú nínú náà ń dín THM kù, ṣùgbọ́n èédú tí a fi ń yan àgbàdo kọ́ ni èédú inú fílítà o. Bí ẹ bá sì ra fílítà, ẹ máa pààrọ̀ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹja àti adìẹ

Ọmọ ẹja àrọ̀ kò lè fara da kílórínì, ó ń jó ẹ̀yà tí wọ́n fi ń mí. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ jókòó nínú oòrùn fún ọjọ́ kan sí méjì kí ẹ tó kó wọn sí i. Ẹ̀fọ́ kò bìkítà.

Adìẹ ló fi mí ṣẹ̀sín. Mo po Lasota, oògùn àjẹsára tí a fi ń dènà àrùn Newcastle, mọ́ omi ẹ̀rọ fún òròmọdìẹ mi, inú mi dùn pé omi náà mọ́ gaara. Oògùn tó wà láàyè ni, kílórínì sì pa á kí àwọn adìẹ tó mu ún. Wọ́n kú bí ẹni ń gbá ewé. Dókítà ẹran kan ló wá kọ́ mi ní ọgbọ́n tó jẹ́ ìdàkejì ti táǹkì. Níbẹ̀ a ń yọ ìdọ̀tí kí kílórínì lè ríṣẹ́ ṣe. Níbí, a ń fún kílórínì ní ohun tó máa jẹ kó lè rẹ̀ ẹ́. Mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni, gírámù 2.5 sí lítà omi kan. Ẹ po ó, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ tó da Lasota tàbí àjẹsára ti Gumboro, àrùn adìẹ mìíràn, sí i. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí omi wọn lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ gba omi lẹ́nu wọn fún wákàtí kan tàbí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí ẹ wá gbé e fún wọn kí oòrùn tó mú, kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí 2.