Bẹ́ ẹ ṣe lè kó èèyàn jọ kí òfin ìlera ọpọlọ lè wọlé ní ìpínlẹ̀ yín

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣebí Buhari ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ lóṣù kìíní ọdún 2023, kí la tún ń wá kiri. Òótọ́ ni, òfin yẹn ló rọ́pò òfin àtijọ́ lórí àwọn alárùn ọpọlọ, ìyẹn òfin Lunacy ti 1958, inú wa sì dùn gan-an, àmọ́ ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà ládùúgbò yín, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ àti owó oṣù wọn, ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiyín ò bá ṣe tiwọn, ti Àbújá ò lè débi tí aláìsàn wà. Èkó ti ṣe tiẹ̀ kí ti Àbújá tó jáde pàápàá.

Ẹ má tíì kọ àbádòfin kankan o. Ẹ kọ́kọ́ jókòó kẹ́ ẹ kọ orúkọ àwọn tó lè pa á, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa gbìyànjú ẹ̀, dókítà, lọ́yà àtàwọn NGO nìkan la kó jọ, a kọ ìwé tó dáa, ọnọrébù kan sì bá wa gbé e wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn ni àwọn nọ́ọ̀sì dìde pé kí ló dé tó jẹ́ dókítà ló kún inú bọ́ọ̀dù tí àbádòfin náà fẹ́ dá sílẹ̀, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́, wọ́n ní a fẹ́ ti ilé táwọn ti ń tọ́jú aláìsàn pa. Ibẹ̀ ló sùn sí títí ọdún mẹ́rin ilé aṣòfin yẹn fi pé, bí ilé aṣòfin bá sì ti tú, àbádòfin tí wọn ò parí ti kú nìyẹn, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà kejì, ilé Bàbá oníṣègùn ìbílẹ̀ kan la kọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin kan jókòó nídìí igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ibi tí irin ti ń ha á ti bó, wọ́n fi àkísà wé e. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo, àmọ́ Bàbá yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Tí mo bá tú u, títì ló máa sá lọ, tí mọ́tò bá gbá a, ta ni ìyá ẹ̀ máa mú?" A bi wọ́n pé Bàbá, kí lẹ fẹ́ rí kẹ́ ẹ tó lè tú u. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì tí á máa gbé oògùn wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti nọ́ńbà táwọn lè pè lóru. A gbé méjèèjì wọnú àbádòfin, àwọn fúnra wọn ló wọ agbádá wá sọ ọ́ níwájú àwọn ọnọrébù. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun, láti 1954 ni Lambo, dókítà ọpọlọ, ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Aro l'Abẹ́òkúta, táwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé.

Ẹ pe NMA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn dókítà, ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì, FIDA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, JONAPWD tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara, CAN tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, àti àwọn àáfà, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn, ilé àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ẹ má gbàgbé Ìyálọ́jà. Àwọn tí àìsàn yìí ti ṣe rí àti ẹbí wọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n lẹ́nu ọ̀rọ̀, kì í ṣe ká kàn máa yà wọ́n ní fọ́tò. Ẹ wá kọ ohun tí gbogbo yín gbà sójú ìwé kan péré, kí olúkúlùkù buwọ́ lù ú. Ìjà ta ló máa jẹ́ alága bọ́ọ̀dù, ẹ jà á tán nínú yàrá yín kẹ́ ẹ tó jáde, tó bá gba oṣù méjì, kó gbà á.

Lẹ́yìn náà ẹ ka orí. Ọnọrébù 40 ló wà l'Ékòó, 32 l'Ọ́yọ̀ọ́, 26 ní Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Ọnọrébù kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ẹnì kan ládùúgbò ẹ̀ tí kò lè kọ̀ fún, lèmọ́ọ̀mù ẹ̀ ni o, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ọmọ ẹ̀ ni o, ìyẹn á wọ̀ ọ́ létí ju lẹ́tà wa lọ. Ẹni tó máa gbé e wọlé, alága ìgbìmọ̀ ìlera ló dáa jù, pẹ̀lú ẹnì kan láti ẹgbẹ́ òṣèlú kejì.

Ẹ tètè fi àbádòfin náà han àwọn tó wà ní mínísírì ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀, torí gómìnà máa bi wọ́n kó tó fọwọ́ sí i. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin ilẹ̀ wa fún gómìnà láti buwọ́ lù ú, tó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé tún gbà á wọlé, ó ti di òfin láìsí ọwọ́ ẹ̀, ìyẹn jẹ́ èèyàn 18 nínú 26. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọkàn lé ìyẹn jàre, kí gómìnà má gbọ́ ọ bíi ìròyìn ló dáa jù.

Tó bá buwọ́ lù ú, ẹ má tú ká, kí gbogbo yín jọ lọ bá kọmíṣọ́nnà bọ́jẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ lọ sílé aṣòfin, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí ìlà tí wọ́n kọ owó ọkọ̀ àti oògùn nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé Bàbá yẹn sí.