Titre tó yẹ kó jẹ́ 25.00 ló di 11.40

Lítà 5 omi sódà (sodium carbonate tí mo pò mọ́ omi) ni mo dà nù kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló burú, ohun tí wọ́n tà fún mi ni. Inú ṣì ń bí mi.

Iṣẹ́ náà kò le. Àwọn ọmọ SS2 fẹ́ ṣe titration, ìyẹn ni pé ká máa da ásíìdì sínú sódà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pa á tán: HCl, ásíìdì náà, 0.1 mol/dm³ (mólù 0.1 nínú lítà kan) nínú burette (ọ̀pá gíláàsì tó ní ìwọ̀n lára), Na₂CO₃, sódà náà, 0.05 mol/dm³ nínú fúláàsìkì, methyl orange, aró tó ń yí àwọ̀ padà, ni yóò sọ ibi tó parí sí. Mólù ni ìwọ̀n tí a fi ń ka èròjà; mólù kan Na₂CO₃ wúwo tó gíráàmù 106, nítorí náà gíráàmù 5.3 ló ń lọ sínú lítà kan, 26.5 ló ń lọ sínú lítà 5. Mólù ásíìdì méjì ló ń pa mólù sódà kan, èyí túmọ̀ sí pé 25 cm³ sódà gbọ́dọ̀ gba 25 cm³ ásíìdì géérégé. Iye ásíìdì tó wọlé yẹn là ń pè ní titre. Bí wọ́n ṣe ń ṣan burette àti bí wọ́n ṣe ń kà á, ẹ ti mọ ìyẹn.

Mo dán an wò kí àwọn ọmọ tó wọlé. 11.40. Mo tún un ṣe, 11.40. Ìkẹta, 11.35.

11.40 kò jìnnà sí ìdajì 25, phenolphthalein, aró mìíràn bíi methyl orange, ló sì máa ń fún èèyàn ní ìdajì, torí agbedeméjì ọ̀nà ló ń dúró sí, níbi tí kábónéètì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ di háídírójìn-kábónéètì. Bóyá wọ́n pààrọ̀ ìgò mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Rárá o. Phenolphthalein ì bá jẹ́ píǹkì, kó sì di aláìláwọ̀. Tèmi kúrò ní yẹ́lò, ó bọ́ sí àwọ̀ òróǹbó. Mo wá di ẹ̀bi ru ásíìdì. Mo po òmíràn: HCl líle 36%, tí 1 cm³ rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 1.18, mo mú 8.6 cm³ nínú rẹ̀, mo dà á sínú omi (ásíìdì ló ń wọ inú omi o, ẹ má ṣe é lódìkejì), mo fi omi kún un dé 1,000 cm³. 11.35 náà ló tún fún mi. Ìbínú ìyẹn ni mo fi da sódà sínú sínkì.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó tú náílọ̀n rẹ̀ wò dáadáa. Lókè, ó funfun lẹ́búlẹ́bú bó ṣe yẹ. Mo ki ṣíbí bọ ìsàlẹ̀, àwọn ègé kan jáde tó ń dán bí álọ́ọ̀mù, mo tẹ ọ̀kan, ó rún. «Sodium Carbonate» nìkan ni wọ́n fi máákà kọ sára náílọ̀n. Kò sí «anhydrous» (èyí tí kò ní omi lára), kò sí formula. Sódà ìfọṣọ ni wọ́n tà fún mi, Na₂CO₃·10H₂O, tí mólù kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 286. Gíráàmù 180 nínú rẹ̀, omi lásán ni! Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, omi ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á di lẹ́búlẹ́bú, á wá jọ èyí tó gbẹ. Ká ní omi ara rẹ̀ ṣì pé ni, nǹkan bí 9.27 ni ǹ bá rí.

Mo wọn gíráàmù 5.00 sínú crucible (ìkòkò kékeré tí a fi ń yan nǹkan lórí iná) kí n lè rí ẹ̀rí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo kánjú ta iná sókè. Kírísítálì yẹn máa ń yọ́ sínú omi ara rẹ̀ ní nǹkan bí 33°C. Ó hó, ó ń ta síta, gbogbo rẹ̀ dòfo. Lẹ́ẹ̀kejì, iná kékeré ni mo fi gbé e títí tí kò fi ta mọ́, kí n tó fi iná gidi sí i. Mo jẹ́ kó tutù nínú desiccator (ohun èlò tí kì í jẹ́ kí omi inú afẹ́fẹ́ wọ nǹkan), mo wọ̀n ọ́n: 2.41. Mo tún yan án: 2.29. Mo tún yan án: 2.28. Lẹ́ẹ̀kan sí i: 2.28. Omi ti tán nìyẹn, torí iná gáàsì kò lè tú Na₂CO₃ fúnra rẹ̀ ká.

2.28 nínú 5.00 jẹ́ 45.6%. Ẹ wá ìdá yìí nínú 5.3, ẹ ó rí 2.42, ẹ fi 106 pín in, ẹ ó rí mólù 0.0228, titre rẹ̀, 11.40. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí ji ẹni tó tà á.

Mo yan gíráàmù 60 nínú àwo tánganran ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo rí 27.3, mo wọn 26.50 nínú rẹ̀ fún lítà 5 tuntun. Àkọ́kọ́ tí mo kàn fi díwọ̀n fún mi ní 25.40, lẹ́yìn náà 25.00, 24.95, 25.00.

Ní báyìí, bí mi ò bá rí ike tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ pa, tí «anhydrous» wà lára rẹ̀, mi ò ra. Baking soda sàn ju náílọ̀n yẹn lọ: ẹ yan gíráàmù 10 títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dínkù mọ́, Na₂CO₃ gbígbẹ tó lé ní gíráàmù 6 ni yóò kù, torí gíráàmù 168 rẹ̀ ló ń di 106.

Ohun tó dùn mí jù ni pé lítà 5 àkọ́kọ́ kò bàjẹ́. 0.0228 ló wà níbi tó yẹ kí 0.05 wà. Èyí tó kù, gíráàmù 14.4 sódà gbígbẹ ni, ká bù ú sí i, ká rò ó, ó parí. Inú sínkì ló sì wà.