Bí mo ṣe dájọ́ Twilight fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi

Méjì nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi nítòsí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, ló sọ ọ̀rọ̀ fíìmù dìjà. Àgbà nínú wọn ní kò sí fíìmù ìfẹ́ tó tó Twilight, fíìmù Amẹ́ríkà tí ọmọbìnrin kan ti fẹ́ràn amùjẹ̀. Ìkejì, ọmọ wòlíì, ní ẹni tó bá ń mu ẹ̀jẹ̀, àjẹ́ ni, ìfẹ́ wo ló tún kù níbẹ̀? Wọ́n fi máṣíìnì sílẹ̀, wọ́n kọjú sí mi: "Àǹtí, ẹ bá wa dá a."

Fíìmù Yorùbá ni mo mọ̀, níbi tí amùjẹ̀ ti máa ń pàdé pásítọ̀ tàbí babaláwo kí eré tó parí. Nítorí náà mo kọ́kọ́ bá ara mi sọ ọ́ pé n kò ní fi ojú àgbàlagbà pa ohun tí wọn ò ṣe fún àgbàlagbà rẹ́. Ọmọ ọdún 16 ni wọ́n ṣe é fún. Ṣé ó fún un ní ohun tó wá wò? Ṣé ohun náà sì dáa fún un? Mo bá wọn wò ó, àmọ́ ojú tiwọn ni mo ń wò jù. Lẹ́yìn náà mo lọ dá a wò nílé, pẹ̀lú ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò létí.

Bella, ọmọ ọdún 17, kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Arizona, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní Forks, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Washington l'Amẹ́ríkà, níbi tí òjò kì í dá. Edward tó bá pàdé nílé ìwé, fáńpáyà ni, amùjẹ̀ tí kì í dàgbà. Ìdílé rẹ̀ kì í mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ẹran igbó ni wọ́n ń dọdẹ. Oòrùn ò lè pa wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá ti kàn wọ́n, ara wọn á máa tàn yanran bíi léèsì olókùúta, àṣírí á sì tú. Wọn ò lè lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa láé: Sunshine State ni wọ́n kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ibi kan mú mi gan-an. Bella wọ kíláàsì bàọ́lọ́jì, fáànù fẹ́ òórùn ara rẹ̀ lu Edward. Ọmọkùnrin náà fọwọ́ bo imú, ara rẹ̀ le gbagidi. Bella fa irun ara rẹ̀ mọ́ imú, ó ń gbóòórùn rẹ̀ wò, bóyá òun ló ń rùn. Aago dún báyìí, Edward ti já síta. Àgbà mí kanlẹ̀, ó ní ìfẹ́ nìyẹn. Ebi ni èmi rí. Nígbà tí mo dá a wò ni mo mọ̀ pé àwa méjèèjì la jàre, torí ohun tí fíìmù náà gùn lé gan-an nìyẹn: ẹni tó fẹ́ràn ọmọ yìí náà ni ebi rẹ̀ ń pa, tó sì ń fi tipátipá kó ara rẹ̀ níjàánu. Nígbà tí Edward fẹnu ko Bella lẹ́nu ní yàrá, òun fúnra rẹ̀ ló ju ara rẹ̀ sẹ́yìn lu ògiri. Ọ̀pọ̀ fíìmù ìfẹ́ tí àwọn ọmọ yìí ń wò lórí fóònù, n kò lè jókòó tì wọ́n. Mo jókòó ti eléyìí.

Mo tún ṣàkíyèsí pé ọmọkùnrin ni kámẹ́rà ń wò láwòtúnwò, kì í ṣe ara ọmọbìnrin. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé obìnrin ló kọ ìwé ìtàn náà, obìnrin ló sọ ọ́ di eré, obìnrin, Catherine Hardwicke, ló sì darí rẹ̀. Mílíọ̀nù 37 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é ní 2008, ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 400. Àwọn ọmọbìnrin mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ tèmi pọ̀ o. Ọmọ ọdún 17 ni Edward láti 1918, nígbà tí àrùn gágá fẹ́ pa á, àrùn tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Èkó lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n to fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tí ìdílé náà ti gbà sára ògiri ilé wọn, ó kún bámú, àgbà sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún ló ń wá ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kiri yìí! Ó tún ń yọ́ wọ yàrá ọmọ ọlọ́mọ lóru, ó ń wò ó bó ṣe ń sùn. Ládùúgbò wa, olè ni wọn ó pè é, táyà á sì dé ọrùn rẹ̀ kó tó ṣàlàyé. Àgbà dákẹ́ lórí ìyẹn. Páúdà ojú bàbá Edward náà ò bá ọrùn rẹ̀ mu. Ọ̀tá gidi ò sì dá sí ọ̀rọ̀ Bella àfi nígbà tí fíìmù ti fẹ́ parí.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni bàbá Bella, ọ̀gá ọlọ́pàá. Ìbọn ló ń nù nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ pé òun ní ọ̀rẹ́kùnrin lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó mú un wọlé, ó sì fa ìbọn náà kó dún.

Mo wá dá ẹjọ́ náà. Mo sọ fún ọmọ wòlíì pé ìtàn àwọn tó ń bá ara wọn jà kí wọ́n má baà ṣìkà ni, kì í ṣe ti àwọn tó ń fi ìkà yangàn. Mo sọ fún àgbà pé ọkùnrin tó bá ń wọlé láti ojú fèrèsé, kó ké sí mi. Mo fún fíìmù náà ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Àgbà ní mo ṣahun, ọmọ wòlíì ní mo lawọ́ jù. Wọ́n ní ó ṣì ku mẹ́rin, pé márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ títí dé 2012. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ parí aṣọ ẹbí Sátidé.