Bí mo ṣe tún irin etí fèrèsé ọkọ̀ mi ṣe lẹ́yìn tí oògùn ìfọ̀kọ̀ jẹ ẹ́

Oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹ́ńjìnnì ni ọmọkùnrin tó máa ń bá mi fọ ọkọ̀ fín sí i. Kò ní i lọ́kàn láti bà á jẹ́. Wọ́n ń da ọ̀dà sí títì àdúgbò wa ní Bódìjà, n'Íbàdàn, lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀dà ti ta sí ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀, ó sì rò pé oògùn náà á ká a. Ó ká a lóòótọ́. Àmọ́ bó ṣe fín in tán báyìí ni omi dá. Wọ́n ń wá ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, oòrùn ọ̀sán ń mú oògùn gbẹ mọ́ irin.

Ilé ni mo ti rí i. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí fèrèsé ká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì, ti ya funfun ní ìlà-ìlà, bí ẹni pé wọ́n da omi ògì sí i tó sì ṣàn wálẹ̀. Mo bu omi lé e, ó dán kedere. Mo dúpẹ́. Omi gbẹ, funfun náà padà dé.

Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí kò lọ, mo wọ ilé ìdáná, mo mú kànrìnkàn onírin tí mo fi ń ha ìkòkò, mo bá igun ẹ̀yìn wọ̀yá ìjà. Ojú ibẹ̀ ṣì wà títí dòní, bíi pé ológbò ló ha á.

Bọ̀dá pẹ́ńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa ló gbà mí. Ó fi èékánná fa ojú irin náà. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha á mọ́. Bó bá jẹ́ nǹkan ló lẹ̀ mọ́ ọn ni, èékánná á kọ́ ọ. Èyí kò lẹ̀ mọ́ ọn o, ó jẹ ẹ́ ni."

Ẹni tó bá ti fi káún se ẹ̀wà nínú ìkòkò àlùmíníọ́ọ̀mù rí á mọ ohun tó ń sọ. Inú ìkòkò á dúdú, ẹ fọ̀ ọ́ títí. Irin etí fèrèsé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì, irú tèmi, kì í ṣe níkẹ́ẹ̀lì rárá, àlùmíníọ́ọ̀mù ni. Wọ́n á rì í sínú ásíìdì nílé iṣẹ́, wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná gbà á kọjá, awọ líle kan á sì hù sí i lára. Awọ ọ̀hún tín-ín-rín gan-an: bíi micron 5 sí 25, bẹ́ẹ̀ sì rèé, micron 1000 ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ásíìdì líle lè jẹ ẹ́. Kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò náà lè jẹ ẹ́, òun ló sì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfọ-ẹ́ńjìnnì. Bí oògùn bá ti jẹ awọ náà, ojú irin á di gbágungbàgun, ìmọ́lẹ̀ á máa fọ́n ká lórí rẹ̀, òun là ń rí bíi funfun. Omi tí mo bù lé e kàn dí àwọn kòtò kéékèèké náà fúngbà díẹ̀ ni.

Kò sí pọ́líìṣì tó lè dá awọ yẹn padà. Mo lọ sí Àràrọmí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, bóyá mo lè rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà. Èyí tí mo rí, funfun tirẹ̀ ju tèmi lọ. Ó wá ku kí n lẹ rọ́bà dúdú mọ́ ọn, tàbí kí n ha ìyókù awọ náà kúrò kí n máa fi àlùmíníọ́ọ̀mù ìhòòhò rìn. Mo yan híha. Bọ̀dá pẹ́ńtà kìlọ̀ pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àbọ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kékeré lu irin náà wò láti mọ̀ pé kì í ṣe ike tí wọ́n kùn ní níkẹ́ẹ̀lì, torí ìyẹn kì í ṣe é ha.

Aago méje àárọ̀ Sátidé la bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, kí irin má baà gbóná. Mo po fínígà mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, mo fi aṣọ tó rin nu ún fún ìṣẹ́jú kan, mo ṣàn án dáadáa. Eruku funfun tí omi bọ̀hóòlù wa máa ń fi sílẹ̀ lọ. Ìlà omi ògì kò mira. Mo fi Autosol, pọ́líìṣì irin, nìkan gbìyànjú, ó dín díẹ̀, kò tán. Mo wá lẹ pépà tépù ní ìlọ́po méjì mọ́ rọ́bà fèrèsé àti ara ìlẹ̀kùn, nítorí wọ́tà pépà, pépà ìhanǹkan tí wọ́n ń rẹ sómi, kò mọ irin yàtọ̀ sí ọ̀dà ara ọkọ̀.

Pépà nọ́ńbà 1000 la fi bẹ̀rẹ̀; bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni pépà ń kúnná sí i. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, mo wé e mọ́ pátákó kékeré, mo ń fà á ní gígùn irin, kì í ṣe ní ìbú. Ó kọ́kọ́ ń yọ̀ bí ẹni ń ha àwo tánganran. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ pé awọ náà àti yanrìn tó wà lára ọ̀pọ̀ pépà tí káfíńtà fi ń ha igi, nǹkan kan náà ni. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ mi gbọ́ ọ kí ojú mi tó rí i: pépà bẹ̀rẹ̀ sí í di irin mú, omi tó ń kán sílẹ̀ sì di eléérú. Awọ ti tán níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni 1500, 2000 àti 3000, ìkọ̀ọ̀kan ń pa ojú àpá tí ti ìṣáájú dá. Lórí irin kejì mo fo 1500, ebi ti ń pa mí. Nígbà tí mo fi Autosol sí i, gbogbo àpá 1000 yọ síta bí ilà ojú. Bọ̀dá pẹ́ńtà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn na 1500 sí mi.

Autosol ló dùn jù. Aṣọ funfun dúdú bí ìdí ìkòkò, bó sì ṣe ń dúdú ni irin ń dán. Mo nù ún mọ́, mo fi wáàsì tó ń dáàbò bo ojú irin pa á lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́rin ti lù, irin mẹ́ta péré la ṣe. Èyí tó wà ní igun ẹ̀yìn, tí mo fi kànrìnkàn ha, ó tẹ̀ kọrọdọ, pátákó kò ráyè wọ̀ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bára mu mọ́. Tọ̀tún ṣì ń dán jẹ́jẹ́ bó ṣe ti Jámánì wá. Tòsì ń kọ mànà, mo ń rí eyín mi nínú rẹ̀. Èèyàn méjì péré ló tíì kíyè sí i, pẹ́ńtà sì ni ọ̀kan. Ohun tó ń ná mi lówó ni wáàsì. Àlùmíníọ́ọ̀mù ìhòòhò máa ń ṣú, àgàgà lásìkò òjò, nítorí náà mò ń pa á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta.

Níbi tí mo ti ń fọ ọkọ̀, ṣáńpù tèmi ni mò ń gbé lọ báyìí. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà tún nawọ́ sí ike oògùn. Mo ní, "Táyà nìkan." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, táyà náà, ẹ jẹ́ n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."