Bí a ṣe ń jẹ àǹfààní ìpàdé àwọn akọ́lé àti àwọn tó ń ṣe ohun èlò ìkọ́lé

Ìwé ìpolówó ni ọ̀pọ̀ akọ́lé máa ń kó bọ̀ láti irú ìpàdé yìí. Wọ́n á fọwọ́ pa páànù tó ń dán, wọ́n á gba káàdì, wọ́n á gba bírò, ó parí. Kí tiyín má baà rí bẹ́ẹ̀, àtilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ́ àwòrán ilé tó wà lọ́wọ́ yín sórí tábìlì, kí ẹ ṣírò rẹ̀: fèrèsé mélòó, báwo ni wọ́n ṣe ga tí wọ́n sì fẹ̀ tó, ilẹ̀ tí táìlì máa bò. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi oṣù tí ẹ máa nílò rẹ̀ sí i. Bí ọjà tí ẹ fẹ́ rà ṣe pọ̀ tó ni etí ilé-iṣẹ́ ń gbọ́ jù, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìwọ̀n ọjà tí wọn kì í tà kéré sí.

Ẹ gba orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùṣètò, ẹ mú mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ bá wọn dá àkókò. Ìjókòó kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ.

Tí ẹ bá ti kíra tán, ẹ gbé ewé yẹn síwájú wọn. Ọjọ́ mélòó ni ọjà máa lò kó tó dé? Tó bá fọ́ lójú ọ̀nà, ta ló ni àdánù? Ní ti wáráńtì (ìlérí ilé-iṣẹ́ pé àwọn á tún ọjà ṣe tàbí pààrọ̀ rẹ̀ tó bá bàjẹ́), ẹ má jẹ́ kí ọdún tí wọ́n kọ gàdàgbà tàn yín. Ẹ bi wọ́n pé kí ló lè ba wáráńtì náà jẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí òṣìṣẹ́ yín kò bá fi ọjà náà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe là á sílẹ̀, wáráńtì ti wọmi nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa rán ẹnìkan wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹni tó wọ kóòtù nídìí àtẹ lè má mọ̀ (títà ni iṣẹ́ tirẹ̀), ẹ ní kí ó pe ẹ̀ńjíníà wọn.

Tó bá jẹ́ táìlì, ẹ yí páálí rẹ̀ wò. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tó ń fi hàn pé ìgbà kan náà ni wọ́n sun àwọn tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà mìíràn lè mú àwọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀ wá, ojú á sì rí i láàárín pálọ̀. Ẹ ra ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e láti ara nọ́ńbà kan náà.

Ẹ gba àpẹẹrẹ ọjà lọ sílé. Ẹ rì í sómi mọ́jú, ẹ sá a sóòrùn.

Kí ọjọ́ méjì tó pé lẹ́yìn ìpàdé, ẹ fi ewé yín ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n fi iye owó sí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ pe ilé-iṣẹ́ kejì.